Àkànlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì fún Ọmọ Tí Ó Ń Sọ Yorùbá Nílé: Orísun, Ìtumọ̀ àti Ọ̀nà Ìkọ́ni

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ àwọn àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó wọ́pọ̀ wò, pàápàá àwọn tí ọmọ ọdún 8 sí 12 tí ó ń sọ Yorùbá nílé máa ń bá pàdé nínú ìwé kíkà àti lẹ́nu olùkọ́. Ohun mẹ́ta ni a tọpasẹ̀ rẹ̀: ibi tí àwọn àkànlò náà ti ṣẹ̀, ohun tí ìwádìí fi hàn nípa bí ọmọdé ṣe ń lóye wọn, àti bí wọ́n ṣe bá àkànlò Yorùbá mu tàbí tí wọ́n fi yàtọ̀ sí i. Èrò tí a dúró lé ni pé kì í ṣe àkànlò tí kò jọ ti Yorùbá rárá ni ó ń ṣi ọmọ lọ́nà jù. Èyí tí ó jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n tí ìlò rẹ̀ gba ibòmíràn lọ, ni ó yẹ kí olùkọ́ fi àkókò lé lórí.

1. Ìfáárà

Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ pé ọba wàjà tí yóò gbójú sókè wo àjà ilé bóyá Kábíyèsí wà níbẹ̀. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àgbà, ó sì ti rí bí ojú àwọn tí ń sọ ọ́ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ọmọ yìí kan náà lè ka á nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì pé “the old man kicked the bucket”, kí ó máa ro bàbá arúgbó kan tí ó ta garawa nípàá. Ohun tí ó wá ya ni lẹ́nu ni pé Yorùbá náà ní irú rẹ̀ gan-an: “ó ta téru nípàá.” Àgbà ló ń sọ ọ́, ọmọ ń gbọ́, kò sí ẹni tí ń bi ara rẹ̀ pé kí ni téru, kí ló sì ṣe tí òkú fi ta á nípàá.

Àpẹẹrẹ yìí fi ibi tí ìṣòro wà hàn. Ọmọ náà kò ṣaláìní làákàyè tí a fi ń lóye àkànlò, nítorí ó ti ń fi èyí tí ó wà nínú èdè rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí kò ní ni ìgbà púpọ̀ tí yóò ti gbọ́ àkànlò Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ẹni tí ń lò ó síbi tí ó yẹ. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, ohun tí wọ́n fi ń dí àlàfo yẹn ni àkọ́sórí: olùkọ́ yóò kọ àkànlò 20 sí apá òsì pátákó, yóò kọ ìtumọ̀ wọn sí apá ọ̀tún, ọmọ yóò sì kà á títí yóò fi wọ̀ ọ́ lórí. Ìdánwò ló bí àṣà yìí, nítorí WAEC àti JAMB a máa bèèrè ìtumọ̀ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ń múra ọmọ sílẹ̀ láti ìgbà tí ojú rẹ̀ kò tíì là. Ìbéèrè iṣẹ́ yìí ni pé: àkànlò wo ni kí a kọ́kọ́ kọ́ ọmọ, èwo ni kí ó tẹ̀ lé e, ọ̀nà wo ni kí a sì gbà?

2. Ohun tí a ń pè ní àkànlò èdè

Àkànlò èdè ni àkójọ ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àròpọ̀ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó yàtọ̀ sí òwe ní ti pé òwe máa ń jẹ́ odidi ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ́ni lọ́gbọ́n tàbí tí ó ń ṣèdájọ́, nígbà tí àkànlò sábà máa ń jẹ́ apá kan gbólóhùn tí a fi sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti pín in sí ọ̀wọ́ lóríṣiríṣi. Ìpín tí Chitra Fernando ṣe ní 1996 rọrùn láti lò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ó ní àkànlò pọ́ńbélé wà, tí kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ó dúró lórí ìtumọ̀ ojú ọ̀rọ̀: “spill the beans”, tí í ṣe kí ènìyàn tú àṣírí, jẹ́ ọ̀kan. Àkànlò alábọ́dé wà, tí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ ṣì ní ìtumọ̀ tí a mọ̀ ọ́n mọ́: nínú “foot the bill”, owó tí a jẹ ṣì ni “bill”, “foot” nìkan ló ti kúrò ní ẹsẹ̀ tó di sísan. Ìkẹta ni èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ hàn kedere, ṣùgbọ́n tí àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti mọ́ra débi pé a kì í pààrọ̀ wọn, bíi “on foot”.

Geoffrey Nunberg, Ivan Sag àti Thomas Wasow fi kókó mìíràn kún un ní 1994. Wọ́n ní a lè pín ìtumọ̀ àwọn àkànlò kan káàkiri ara wọn. Nínú “spill the beans”, “beans” dúró fún àṣírí, “spill” sì dúró fún títú. Ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fi gbà pé “the beans were spilled”. “Kick the bucket” kò ṣe é pín bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní “the bucket was kicked”, ikú ti kúrò nínú ọ̀rọ̀, garawa lásán ló kù. Yorùbá rí bákan náà. Ẹni tó tú àṣírí, a lè sọ pé àṣírí ló tú, a tún lè sọ pé àṣírí ti tú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní “téru ni bàbá náà ta nípàá” ti fi àgbà ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ tí a bá fi èyí hàn nínú èdè rẹ̀ kò ní pẹ́ lóye ìdí tí olùkọ́ fi ní kí ó má ṣe pààrọ̀ ọ̀rọ̀ inú àkànlò Gẹ̀ẹ́sì.

Ìwádìí David Swinney àti Anne Cutler ní 1979 ṣe àlàyé ìdí tí àkànlò èdè ẹni kì í fi í ni ènìyàn lára. Wọ́n rí i pé àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì máa ń tètè dá àkànlò mọ̀ ju àkójọ ọ̀rọ̀ lásán tí gígùn rẹ̀ bá a dọ́gba lọ. Èyí ni pé elédè ti fi odidi àkànlò pamọ́ sọ́kàn bí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì ní ìpamọ́ yìí ló ń tú u palẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

3. Ibi tí àwọn àkànlò náà ti ṣẹ̀ wá

Ìtàn tó wà lẹ́yìn àkànlò ni ọ̀nà tó yá jù tí ọmọdé fi lè gbà á mú. Orísun mẹ́rin ló ṣe pàtàkì fún ọmọ wa.

Àkọ́kọ́ ni Bíbélì. Ìtumọ̀ Májẹ̀mú Tuntun tí William Tyndale ṣe ní 1526 àti Bíbélì Ọba James tí ó jáde ní 1611 wọ ẹnu ará Gẹ̀ẹ́sì débi pé ọ̀pọ̀ ló ń lo ọ̀rọ̀ inú wọn láìmọ̀. “The writing on the wall”, ìyẹn àmì pé ìparun ti dé tán, wá láti ìtàn Belṣássárì nínú ìwé Dáníẹ́lì orí 5. “Wash one’s hands of something”, kí ènìyàn yọwọ́ kúrò nínú ọ̀ràn, rán wa létí Pílátù nínú Mátíù orí 27. “A drop in the bucket”, ohun kékeré tí kò tu irun kan lára ìṣòro ńlá, ń bẹ nínú Àìsáyà orí 40. “By the skin of one’s teeth”, kí ènìyàn yọ díẹ̀ báyìí, ti inú ìwé Jóòbù orí 19 wá. Ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ti mọ ìtàn Belṣássárì àti Pílátù ní Yorùbá kí ó tó mọ àkànlò tí ó ti ibẹ̀ jáde. Ti ọmọ tí ó ń lọ sí ilé kéú lè má rí bẹ́ẹ̀, nítorí náà olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ ìtàn náà fún gbogbo kíláàsì.

Èkejì ni òkun. Orí erékùṣù tí omi yí ká ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, ọkọ̀ òkun sì ni wọ́n fi jọba lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. “Know the ropes”, kí ènìyàn mọ tinú-tẹ̀yìn iṣẹ́ kan, wá láti inú ọkọ̀ onígbòkun, níbi tí atukọ̀ ti gbọ́dọ̀ mọ ohun tí okùn kọ̀ọ̀kan ń fà. “Show one’s true colours”, kí ènìyàn fi ìwà rẹ̀ gan-an hàn, wá láti ara àsíá tí ọkọ̀ fi ń sọ orílẹ̀-èdè tó ni ín. “Turn a blind eye”, kí ènìyàn mójú kúrò lára ohun tí ó yẹ kó rí, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì so mọ́ Horatio Nelson, ọ̀gágun ojú omi. Ojú rẹ̀ kan ti bàjẹ́ nínú ogun ní erékùṣù Corsica ní 1794. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ fi àmì pàṣẹ pé kó padà sẹ́yìn nínú ogun Copenhagen ní 1801, ìtàn ní ojú tí kò ríran yẹn ló gbé awò-awọ̀nà sí, ó ní òun kò rí àmì kankan, ó sì ń bá ìjà lọ.

Ẹ̀kẹta ni òfin àti eré orí ìtàgé. “Read someone the riot act”, kí a bá ènìyàn wí kíkankíkan, jẹ́ àṣẹ gidi nígbà kan. Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1714 ní bí ènìyàn 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá pé jọ láti da ìlú rú, kí aláṣẹ ka ìkéde sí wọn létí. Ẹni tí ó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan ti di ọ̀daràn ńlá. Ọdún 1967 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. “Steal someone’s thunder”, kí a gba ògo tí ó tọ́ sí ẹlòmíràn, ni a gbọ́ pé ó ti ẹnu John Dennis jáde. Ó ṣe ọgbọ́n tuntun kan tí a fi ń sán ààrá nínú eré rẹ̀ ní Drury Lane ní 1709. Eré náà kò pẹ́ tó fi kógbá sílé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi gbọ́ ààrá rẹ̀ nínú eré àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin ni ìtàn tó kan àwa gan-an. “Sell someone down the river”, kí a dalẹ̀ ẹni tó fọkàn tán wa, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Odò Mississippi ni odò náà. Bí ẹrú bá ti rí ìbínú olówó rẹ̀ ní àríwá, ìsàlẹ̀ odò ni wọ́n ń tà á sí, sí oko òwú ibi tí iṣẹ́ ti le jù, kò sì ní fojú kan ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ mọ́. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ìtàn yìí kò ní lo àkànlò náà fún ọ̀rẹ́ tó kàn gbàgbé láti dúró dè é.

Ìkìlọ̀ kan wà nípa orísun. Ìtàn tí ó dùn kì í ṣe ìtàn tí ó jẹ́ òótọ́ dandan. Ní nǹkan bí 1999, ìwé kan tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní “raining cats and dogs” wá láti ayé tí ológbò àti ajá ń sùn lórí òrùlé koríko, tí òjò bá sì rọ̀, wọn a jábọ́. Àwọn onímọ̀ kò rí ẹ̀rí kankan fún èyí. Ohun tí a rí ni pé Jonathan Swift ti lo gbólóhùn náà nínú ìwé rẹ̀ ní 1738. Bákan náà, “kick the bucket” ti wà nínú ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ìgboro tí Francis Grose tẹ̀ jáde ní 1785, àmọ́ àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí irú garawa tí ó jẹ́. Kí olùkọ́ sọ ìtàn tó dájú. Èyí tí kò dájú, kí ó sọ fún ọmọ pé ìtàn àtẹnudẹ́nu ni.

4. Bí ọmọdé ṣe ń lóye àkànlò

Òye àkànlò kì í dé lọ́jọ́ kan. Maria Chiara Levorato àti Cristina Cacciari, tí wọ́n ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ Ítálì, fi hàn pé ọmọ ọdún méje pàápàá lè lóye àkànlò bí ó bá wà nínú ìtàn tó ràn án lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ lásán, ìtumọ̀ ojú ọ̀rọ̀ ló ń mú. Wọ́n tún rí i pé ọmọ máa ń kọ́kọ́ lóye àkànlò kí ó tó lè fi ẹnu ara rẹ̀ lò ó.

Marilyn Nippold àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi ọ̀dọ́ 475 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 14 sí 17 léèrè ìtumọ̀ àkànlò nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1989. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè àbínibí wọn, síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni òye wọn ń gbèrú bí ọjọ́ orí ṣe ń ga. Àkànlò tó wà nínú ìtàn kúkurú rọ̀ wọ́n lọ́rùn ju èyí tó dá dúró lọ. Bí ọmọ Amẹ́ríkà ọlọ́dún 14 bá ṣì ń ṣi àkànlò èdè ìyá rẹ̀ mú, ó ti pọ̀ jù láti bú ọmọ ọlọ́dún 9 ní Ọ̀yọ́ tàbí Àkúrẹ́ pé kò mọ ohun tí “under the weather” jẹ́.

Ohun kejì tí ìwádìí sọ kan yíyan àkànlò. Rosamund Moon ṣe àyẹ̀wò ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbólóhùn àkànmọ́ra nínú àkójọ Gẹ̀ẹ́sì tó tó mílíọ̀nù 18 ọ̀rọ̀, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1998. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í yọjú tó ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù ọ̀rọ̀ kan. “Kick the bucket” tí gbogbo ìwé fi ń ṣe àpẹẹrẹ wà lára àwọn tó ṣọ̀wọ́n. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àtòkọ gígùn tí ọmọ ń há sórí kún fún ọ̀rọ̀ tí ó lè má gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni títí yóò fi jáde ilé-ìwé gíga.

5. Nígbà tí ọmọ bá gbé àkànlò Yorùbá wá sínú Gẹ̀ẹ́sì

Suzanne Irujo ṣe ìwádìí kan ní 1986 tó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ó fún akẹ́kọ̀ọ́ 12 láti Venezuela, tí Gẹ̀ẹ́sì wọn ti jinlẹ̀, ní àkànlò 45: ìdá kan bá ti èdè Sípáníìṣì wọn dọ́gba, ìdá kejì jọ ọ́ díẹ̀, ìdá kẹta kò jọ ọ́ rárá. Èyí tó dọ́gba ló rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù láti lóye àti láti lò. Èyí tó jọra díẹ̀ yé wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ lò ó, èdè àbínibí ń ti ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bọ̀ ọ́ nínú. Èyí tí kò jọ ọ́ rárá ló le jù láti lóye, àmọ́ èdè àbínibí kì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́. A ó fi ìpín mẹ́ta yìí ṣètò àkànlò fún ọmọ Yorùbá, a ó sì fi ìkẹrin kún un.

Ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni àwọn tó bá Yorùbá dọ́gba. “Put our heads together” ni kí a forí korí. “Drag one’s feet” ni kí ènìyàn máa fẹsẹ̀ falẹ̀ lórí ohun tó yẹ kó ti ṣe. “Play with fire” ni kí a fi iná ṣeré. “Turn a deaf ear” ni kí a kọ etí dídi sí ìmọ̀ràn. “Keep an eye on the baby” ni kí a bá ìyá fojú sí ọmọ. Ibí yìí ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọmọ yóò rí i pé Gẹ̀ẹ́sì náà ń pọ́n ọ̀rọ̀ lẹ́wà bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pọ́n ọn.

Ìsọ̀rí kejì ni àwọn tí ìtumọ̀ wọn bára mu, tí ohun tí a fi sọ ọ́ yàtọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọkàn kọ́ nǹkan, “learn by heart”. Yorùbá ń kọ́ ọ sórí. Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjì bá ṣọ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì ní ojú wọn ló pàdé, “see eye to eye”. Yorùbá ní wọ́n fohùn ṣọ̀kan. Ọjà tó gbówó lórí gba apá àti ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ará Gẹ̀ẹ́sì, “cost an arm and a leg”, nígbà tí ó wọ́n bí ojú lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ tó rọrùn jẹ́ “a piece of cake” fún wọn. Àwa ń ṣe é bí ẹni fẹran jẹ̀kọ. Àṣìṣe tí olùkọ́ yóò máa rí níbí ni irú “I learned it in my head”. Ọmọ náà mọ ìtumọ̀, ẹ̀yà ara ló ṣì mú, àtúnṣe rẹ̀ kò sì pẹ́.

Ìsọ̀rí kẹta ni àwọn tí kò jọra rárá. “Let the cat out of the bag” ni kí a já àṣírí síta láìmọ̀. “Under the weather” ni kí ara má yá ènìyàn. “Once in a blue moon” ni ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ àfi lẹ́ẹ̀kan láàárín ìgbà pípẹ́. “Pull someone’s leg” ni kí a máa fi irọ́ àwàdà bá ènìyàn ṣeré. “Beat about the bush” ni kí ènìyàn máa pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ, kí ó kọ̀ kó má dójú abẹ. “Hit the sack” ni kí a lọ sùn. “Break a leg” ni àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ gun orí ìtàgé, kò sì sí èpè nínú rẹ̀. “Raining cats and dogs” ni òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá. Ìsọ̀rí yìí gba ìrántí, ṣùgbọ́n kò gba ìjà: ọmọ kò ní ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀ nínú Yorùbá, nítorí náà bí ó ti gbọ́ ọ ni yóò ṣe mú un.

Ìsọ̀rí kẹrin ni a fi kún ti Irujo, òun sì ni ó le jù ní ojú tiwa: àwọn tó jọra lójú, tí ìlò wọn kò bára mu. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ òtútù. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ìwà tútù jẹ́ ìyìn. Oníwà tútù ni gbogbo ènìyàn fẹ́ fi ṣe àna. Ní Gẹ̀ẹ́sì, “a cold person” ni ẹni tí kò láàánú, “give someone the cold shoulder” sì ni kí a ṣe bí ẹni pé a kò rí ẹni tó ń kí wa. Ọmọ tó kọ ọ́ nínú àròkọ pé “my mother is a cold woman” fẹ́ yin ìyá rẹ̀ ni, àmọ́ olùkàwé Gẹ̀ẹ́sì yóò máa káàánú ọmọ náà. Bákan náà ni “my hands are tied”. Ẹni tó ti máa ń gbọ́ “ọwọ́ mi dí” yóò rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń wí ni pé òfin tàbí àṣẹ kò jẹ́ kí ó lè ṣe ohun tí ó fẹ́ ṣe. “He has a sweet tooth” kì í sì í ṣe ẹlẹ́nu dídùn tó ń fi ọ̀rọ̀ tan ènìyàn. Ẹni tó fẹ́ràn súìtì àti àkàrà òyìnbó ni.

Èyí tó wúwo jù ni “no use crying over spilt milk”. Ó fara jọ “omi ló dànù, agbè kò fọ́” débi pé ẹnikẹ́ni yóò sọ pé ìkan náà ni wọ́n. Ohun olómi dànù nínú méjèèjì, a sì ń gba ènìyàn níyànjú nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n Yorùbá ń fi tirẹ̀ tu òbí tí ọmọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú: ìyá ṣì wà láàyè, ọmọ mìíràn ń bọ̀. Ìrètí ló kún inú rẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì ń sọ fún ẹni tó pàdánù ohun kékeré pé kí ó dákẹ́ àròyé, kí ó kọjú sí iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó bá lọ sọ ọ́ fún ọlọ́fọ̀ ní London ti di aláìláàánú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkẹ́dùn ló gbé wá. Kò sí àtòkọ àkànlò-àti-ìtumọ̀ tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ irú àṣìṣe yìí, nítorí ìtumọ̀ kọ́ ni ó ṣì mú, ibi tí a ń lò ó ni.

6. Àkànlò tí a ṣe fúnra wa

Kì í ṣe gbogbo àkànlò Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ ń gbọ́ ni ó ti òkè òkun wá. Ní oṣù January 2020, Oxford English Dictionary fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 kún ìwé wọn, lára wọn sì ni “eat money”, kí a kówó jẹ, “rub minds”, kí a jọ gbìmọ̀, àti “put to bed”, kí obìnrin bímọ. Yorùbá ń jẹ owó tipẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Kò yẹ kí olùkọ́ fa ilà pupa sí wọn lórí bí ẹni pé àbùkù ni wọ́n. Ohun tó yẹ ni kí ọmọ mọ ẹni tí yóò gbọ́ ọ. “My aunt has put to bed” yé gbogbo ènìyàn ní Ìbàdàn. Bí ó bá sọ ọ́ fún ìbátan rẹ̀ tí wọ́n bí sí Peckham ní London, ìyẹn yóò bi í léèrè pé ta ni Àǹtí gbé lọ sùn. Ọmọ tó mọ méjèèjì ló mọ̀ jù, ìsọ̀rí kẹrin ni ó sì yẹ kí a ti kọ́ ọ.

7. Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Àkọ́kọ́, kí ìtàn ṣáájú ìtumọ̀. Ìwádìí Levorato àti Cacciari pẹ̀lú ti Nippold para pọ̀ sórí èyí. Ìtàn ìlà mẹ́rin tó bí “let the cat out of the bag” wúlò fún ọmọ ju àkànlò mẹ́wàá lórí pátákó lọ. Kí olùkọ́ ka ìtàn náà, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n rò pé ó túmọ̀ sí, kí ó tó sọ èyí tó tọ́.

Èkejì, kí a kó èyí tí èrò wọn jọra pọ̀. Frank Boers fi hàn ní 2000 pé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi àkànlò hàn lábẹ́ àfiwé kan náà rántí wọn ju àwọn tí wọ́n kàn kó o fún lọ. Bí àpẹẹrẹ, Gẹ̀ẹ́sì ń fi ooru sọ̀rọ̀ ìbínú: “hot under the collar”, “let off steam”, “blow one’s top”. Ọmọ tó ti gbọ́ pé inú ènìyàn ń ru kò ní ṣòroó mú wọ inú ìdílé yìí.

Ẹ̀kẹta, kí a jẹ́ kí ọmọ fi ìtumọ̀ ojú ọ̀rọ̀ ṣeré. Peggy Parish gbé ìwé Amelia Bedelia jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, nípa ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó ń mú gbogbo ọ̀rọ̀ bí a ṣe sọ ọ́ gan-an, ẹ̀rín inú rẹ̀ sì ń kọ́ ọmọ pé ọ̀rọ̀ ní ojú méjì. Kí ọmọ ya ajá tó ń jábọ́ láti ojú ọ̀run ní apá kan bébà, kí ó ya òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ní apá kejì.

Ẹ̀kẹrin, kí a kọ́ ọ̀wọ̀ mọ́ ọn. Yorùbá kì í sọ pé ọba kú, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sọ pé ọmọ kékeré fi ilẹ̀ ṣaṣọ bora. Gẹ̀ẹ́sì náà ní ipò fún ọ̀rọ̀. “Kick the bucket” jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́. “Pass away” ni a ń sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọmọ tí a ti kọ́ láti dọ̀bálẹ̀ tàbí láti kúnlẹ̀ kò ní ṣòroó kọ́ ní èyí, bí a bá fi ìwà tó ti mọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Ẹ̀karùn-ún, kí iye rẹ̀ mọ níwọ̀n. Àkànlò mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n bá jẹ́ èyí tí yóò tún pàdé. Kí ó kọ́kọ́ dá wọn mọ̀ nínú ìwé. Lílò yóò tẹ̀ lé e nígbà tí ó bá yá.

8. Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé àkànlò Gẹ̀ẹ́sì kò ju agbára ọmọ Yorùbá lọ, nítorí èdè tirẹ̀ náà kún fún un. Ètò tí iṣẹ́ yìí dábàá ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìsọ̀rí kìn-ín-ní tó bá Yorùbá dọ́gba, kí ìkejì tẹ̀ lé e, kí a sì máa fi ìtàn gbé ìkẹta wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìsọ̀rí kẹrin ni kí a dúró lé lórí jù, kí a má sì fi ìtumọ̀ ìlà kan parí rẹ̀. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, kí olùkọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta níwájú ọmọ: ta ni ń sọ ọ́, ta ni a ń sọ ọ́ fún, kí ló sì ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó di pé a sọ ọ́? Olùkọ́ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ló lè dá ìsọ̀rí kẹrin mọ̀, nítorí ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń tu ọlọ́fọ̀ nínú ní Yorùbá kò ní mọ ibi tí ọmọ náà ti gbé àṣìṣe rẹ̀ wá. Nípa bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ Yorùbá wà lára ohun èlò tí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì nílò ní ilẹ̀ wa, ó sì yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni fi í sínú ẹ̀kọ́ àwọn tí wọ́n ń múra sílẹ̀ láti kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì.